Kí Ẹ Tó Ra Táìlì Balùwẹ̀, Ẹ Wo Ibi Tí Kànga Wà

Owó àjọ ti dọ́wọ́, táìlì aláwọ̀ ewé sì ti wọ ìyá ọlọ́jà lójú ní ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀ o. Ẹ̀yin tó fẹ́ tún balùwẹ̀ ilé yín ṣe, ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Ká ní ìyá aláṣọ kan wà n'Íbàdàn, tó ń gbé ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni ṣáláńgá wà, balùwẹ̀ páànù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi ọṣẹ ń gba ìdí páànù ṣàn síta. Ìyá tó bí i ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Tó bá di òru, póò ni wọ́n ń gbé fún màmá àgbà, nítorí ẹ̀yìnkùlé jìnnà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń yọ̀ bí ilá. Ni ìyá aláṣọ bá ní òun máa sọ sítóò tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ di balùwẹ̀ tó ní W.C. Ó ránṣẹ́ pe bíríkìlà.

Bíríkìlà wo sítóò, ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó ní, "Ìyá, ẹ fi ti táìlì sílẹ̀ ná. Níbo ni kànga yín wà?"

"Kànga kẹ̀? Ọ̀gá bíríkìlà, ṣé inú kànga ni mo fẹ́ máa wẹ̀ ni?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Láyé agbépòó, nígbà tí wọ́n ń fi òru ru garawa l'Ékòó, gbogbo èèyàn ló mọ ibi tí ìgbẹ́ ń gbà lọ, nítorí wọ́n ń rí ẹni tó rù ú. Ti W.C. kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ da omi sí i, ó hó, ó lọ, èèyàn á rò pé ó ti parẹ́. Kò parẹ́ rárá. Inú táǹkì abẹ́ ilẹ̀ ló lọ. Èyí tó nípọn á rọ̀ sísàlẹ̀, omi orí rẹ̀ á ṣàn bọ́ sínú kòtò ṣọ́kàwéè, ilẹ̀ á sì máa fà á mu. Bí kànga bá wà nítòsí, ẹ̀yin náà lẹ ń mu ún yẹn. Onígbáméjì ọdún 1971 ṣì wà lọ́kàn àwọn àgbàlagbà. Ti ọdún 1991 pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní Nàìjíríà, lọ́dún 2024 ó sì tún jà l'Ékòó.

Mítà 30 ni àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń fẹ́ láàárín kànga àti ṣọ́kàwéè, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 100. Ẹni tó ní odindi pulọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, lè gbẹ́ kànga síwájú, kó gbẹ́ ṣọ́kàwéè sí ìpẹ̀kun ẹ̀yìn. Ẹni tó ra àbọ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 60 nìyẹn, láti igun dé igun kò ju bíi 85 lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n títí, kò lè pé 100. Ká tiẹ̀ ní ó pé, kànga aládùúgbò ń bẹ lẹ́yìn ògiri, ilẹ̀ kò sì mọ ògiri. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó jẹ́ kí ṣọ́kàwéè wà níbi tí ilẹ̀ gbé dagun sí, kí kànga wà lókè, kó lọ bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ kó tó gbẹ́ ilẹ̀, kó sì máa se omi mímu kó hó dáadáa.

Ibi tí táǹkì bá wà ló máa sọ ibi tí W.C. máa wà nínú ilé. Ògiri tó kọjú sí táǹkì ni kí ẹ gbé e tì. Páìpù ínṣì mẹ́rin ni, kó má gùn jù, kó má ṣe kọ́rọkọ̀rọ, kó sì máa dagun ní ínṣì kan nínú ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Bó bá tẹ́jú, omi á lọ, ìgbẹ́ á dúró.

Sítóò ìyá aláṣọ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sí mẹ́jọ. Bíríkìlà mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà sílẹ̀. Ibi ìwẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún lábẹ́ fèrèsé, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. W.C. tẹ̀ lé e, ínṣì 30 ló gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí èèyàn lè jókòó láìfi ìgbọ̀nwọ́ gbá nǹkan. Básíìnì ìfọwọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Dírọ́ọ̀mù omi ńkọ́?" ni ìyá aláṣọ bi í.

Ìbéèrè gidi! Balùwẹ̀ inú ìwé òyìnbó kì í ní àyè dírọ́ọ̀mù. Ẹ̀rọ omi ìjọba kì í yọ lójoojúmọ́, W.C. àtijọ́ sì ń mu bíi lítà 9 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ tuntun ń mu 6, òun ni kí ẹni tó ń pọnmi béèrè fún. Wọ́n yọ básíìnì kúrò, dírọ́ọ̀mù jókòó síbẹ̀.

Ìjà wá dé lórí ilẹ̀. Bíríkìlà fẹ́ kí ilẹ̀ balùwẹ̀ fi ínṣì méjì relẹ̀ ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ kí omi má baà ṣàn wọlé. Ìyá aláṣọ ní kò ṣeé ṣe, màmá àgbà á kọsẹ̀ lóru. Wọ́n fà á títí, kí wọ́n tó gbà pé kí ẹnu ọ̀nà bá ọ̀dẹ̀dẹ̀ dọ́gba, kí ilẹ̀ sì máa dagun díẹ̀díẹ̀ lọ sí ojú ihò omi níbi ìwẹ̀. Táìlì tó ń dán yóò wà lára ògiri, èyí tó le lára ni ti ilẹ̀. Ilẹ̀kùn yóò máa ṣí síta, nítorí bí àgbàlagbà bá ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, ta ló máa ráyè wọlé gbé e?

Wọ́n gbé àpótí sí ojú ìlà W.C., wọ́n mú màmá àgbà wá. Ó jókòó. Nígbà tó fẹ́ dìde, ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó ń wá ohun tí yóò dì mú, ọwọ́ rẹ̀ kan ògiri lásán. Bíríkìlà fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí ọwọ́ náà dé, ó ní kí wọ́n pe wẹ́dà fún irin.