Oúnjẹ Ẹni Tí Ìfun Rẹ̀ Máa Ń Dí

Bí ọkọ̀ bá dúró ní Asese, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ta ni kò ní fẹ́ jẹ àgbàdo sísun? Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe Táyé ní oore lè pa Kẹ́hìndé lára. Bí a bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ ní ikùn ènìyàn rí, ojú ọgbẹ́ inú lè mú kí ìfun lẹ̀ mọ́ra, kí ọ̀nà oúnjẹ sì há. Èèpo àgbàdo àti awọ inú ọsàn kì í dà. Wọn a kó jọ, wọn a sì dí ọ̀nà tóóró náà léraléra.

Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ha jẹ? Ẹ̀kọ mímu, àmàlà rírọ̀, ẹja tí a yọ egungun rẹ̀, àti mọ́ínmọ́ín tí a bó ẹ̀wà rẹ̀ dáadáa, gẹ́gẹ́ bí dókítà bá ti là á sílẹ̀. Kí ó máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ó sì rún un kúnná.

Bí inú bá wú, tí ó ń rò ó, tí ó ń bì, tí kò lè yàgbẹ́ tàbí kí ó só, kí ó má ṣe lo oògùn ìyàgbẹ́, nítorí ìfun tí ó dí lè bẹ́. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ẹni tí ń ṣa oúnjẹ jẹ ṣe ẹlẹ́yà; ó lè jẹ́ pé ẹ̀mí rẹ̀ ni ó ń ṣọ́.