Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ṣé líìgì bọ́ọ̀lù kékeré lè rọ́wọ́ mú nílé wa?

⚽ Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ariwo ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ kò tó.

Ẹ wo ọ̀nà méjì tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ti gbà rọ́wọ́ mú nílé wa. Ní 1976, Shooting Stars ti Ìbàdàn ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà. Owó ìjọba ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba ọ̀nà mìíràn: aládàáni ló ni ín, ó sì ní pápá tirẹ̀. Ní 2025, ó gba líìgì Nàìjíríà.

Kí ni líìgì tuntun nílò?
✅ Owó oṣù tí kì í pẹ́
✅ Rẹfirí tí kì í ṣègbè
✅ Ọjọ́ tí Arsenal àti Chelsea kò ní kó èrò lọ sílé ìwòran

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ lè sanwó wo ẹgbẹ́ àdúgbò yín?