Àpò kan, ọgbọ̀n ilé-iṣẹ́: ọ̀nà mìíràn láti ra ìpín ìdókòwò

Lọ́dún 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo, tó jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀ nígbà náà, pàṣẹ pé owó ìdókòwò báńkì kankan kò gbọdọ̀ kéré sí bílíọ̀nù 25 náírà. Làwọn báńkì bá ń pe tẹrú tọmọ wá ra ìpín, èyí tí aráàlú ń pè ní ṣíà. Ní Surulere, Yaba àti Mushin, olùkọ́ rà, oníṣòwò rà, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì náà rà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ yá owó rà á. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n gbogbo ìpín tó wà lọ́jà lé ní 66,000. Nígbà tí ọdún 2009 fi máa parí, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 20,800.

Ọjà tó já wálẹ̀ ṣì lè gòkè padà, àmọ́ ilé-iṣẹ́ tó bá kú kì í jí. Ẹni tó kó gbogbo owó rẹ̀ lé ìpín Afribank tàbí Bank PHB kò rí nǹkan kan mú bọ̀ nígbà tí ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn ní oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ìwé ìpín ọwọ́ rẹ̀ di ìwé lásán.

Èyí ló mú kí àpò tó ń tẹ̀lé òṣùwọ̀n ọjà wúlò. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, John Bogle, gbé irú rẹ̀ kan jáde fún mẹ̀kúnnù lọ́dún 1976, àwọn èèyàn sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Nàìjíríà, òṣùwọ̀n NSE 30 bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009. NGX 30 ni wọ́n ń pè é báyìí. Ọgbọ̀n ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ìpín wọn ń tà dáadáa ló ń wò, irú bíi MTN, Dangote Cement àti Zenith Bank. Lọ́dún 2014, àpò kan tó ń jẹ́ Vetiva Griffin 30 wọ ọjà. Ọgbọ̀n ilé-iṣẹ́ náà ni alábòójútó rẹ̀ ń fi owó àwọn èèyàn rà. Ẹni tó bá ra ẹyọ kan nínú àpò náà ti ní díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo wọn.

Ó fara jọ àjọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe àjọ. Alájọ Mushin máa ń yọ owó ọjọ́ kan, yóò sì dá ìyókù padà bó ṣe gbà á. Alábòójútó àpò náà ń gba owó iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí pé owó yóò pé. Bí ọjà bá já, àpò náà á já.

Wọn kò pín owó náà dọ́gba o. Ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù ló ń gba èyí tó pọ̀ jù, nítorí náà ilé-iṣẹ́ mélòó kan lè fa gbogbo ọgbọ̀n náà sókè tàbí sílẹ̀.

Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni sọdá Third Mainland Bridge lọ sí Customs Street kó tó rà á. Alágbàtà tó ní ìwé àṣẹ àjọ SEC ló máa ṣí àkáǹtì CSCS fún un. Kí ó tó sanwó, kó béèrè iye méjì: iye tí wọ́n ń ta ẹyọ kan lọ́jà, àti iye tí ìpín inú rẹ̀ tó ní tòótọ́. Nígbà mìíràn, iye ọjà máa ń fi púpọ̀ ju ti inú àpò lọ, ẹni tó bá rà á lásìkò bẹ́ẹ̀ ti ra ọjà ọ̀wọ́n.