Ọmọ Ẹja Àrọ̀ ní Àkókò Ọyẹ́

Nígbà tí ọyẹ́ bá mú ní agbègbè Ìyànà Ọ̀fà àti Lálúpọ̀n, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí ń sin ẹja máa ń kíyèsí. Ọmọ ẹja àrọ̀ tí ó ń du oúnjẹ ní oṣù Kẹwàá kò sáré mọ́. Ó fara mọ́ ìsàlẹ̀ omi, oúnjẹ ń léfòó, ara rẹ̀ kò sì kún. Kíá ni ẹni tí ó ni ín yóò wí pé wọ́n ta oúnjẹ tí kò dára fún òun, tàbí pé àrùn ti wọlé. Nígbà mìíràn bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, òtútù omi ni.

Ẹja kò dà bí ewúrẹ́ tí ara rẹ̀ ń móoru fúnra rẹ̀. Bí omi bá ti rí ni ara ẹja rí. Omi tí ó móoru tó ìwọ̀n 26 sí 30 lórí tẹmómítà ni ó bá àrọ̀ lára mu. Bí òru ọyẹ́ bá mú un lọ sílẹ̀ ju èyí lọ, oúnjẹ kì í tètè dà nínú ẹja, ìdàgbà rẹ̀ a sì falẹ̀. Kòtò tí kò jìn ni ó ń yára tutù jù.

Nínú odò, ìgbà tí òjò bá mú omi kún bo etí odò ni àrọ̀ ń yé ẹyin, kí ọmọ rẹ̀ lè bá ooru àti kòkòrò púpọ̀ pàdé. Lóde òní, abẹ́rẹ́ ni a fi ń mú ìyá ẹja yé ẹyin ní oṣùkóṣù. Èyí dára, ṣùgbọ́n kò sọ gbogbo oṣù di ọ̀kan náà. Ní tiwa, ó sàn kí ẹni tí kòtò rẹ̀ kò jìn ra ọmọ ẹja ní oṣù Kẹta tàbí Kẹrin ju oṣù Kejìlá lọ.

Ẹ má ṣe fi ojú nìkan wò wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹ fi àwọ̀n kó 50 ní òwúrọ̀ kí ẹ tó fún wọn ní oúnjẹ. Ẹ kọ́kọ́ wọn ike omi, ẹ da ẹja sínú rẹ̀, ẹ tún un wọ̀n. Ohun tí ó lé ni ìwọ̀n ẹja. Ẹ pín in sí 50. Ẹ sì fi rúlà wọn gígùn bí mẹ́wàá nínú wọn. Ẹja sẹ̀ǹtímítà 10 tí ara rẹ̀ dá yóò wọn nǹkan bí gíráàmù 8. Nígbà tí ó bá di sẹ̀ǹtímítà 20, gíráàmù 16 kọ́ ni ó yẹ kí ó wọ̀n, bí kò ṣe nǹkan bí 64, nítorí pé bí ó ti ń gùn ni ó ń fẹ̀ tí ó sì ń nípọn. Bí ó bá jẹ́ 40 péré, tí orí rẹ̀ tóbi tí ara rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́, ebi ń pa á tàbí ara rẹ̀ kò yá. Ṣùgbọ́n bí gígùn àti ìwọ̀n bá bára mu, tí wọn kò kàn pọ̀ sí i, tí tẹmómítà sì fi hàn pé omi tutù, ọyẹ́ ni kí ẹ fura sí.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò nìyí. Ẹgbẹ̀rún kan irú ọmọ ẹja kékeré bẹ́ẹ̀ jẹ́ kílò 8. Bí a bá ń fún wọn ní ìdá 5 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn lójúmọ́, gíráàmù 400 ni. Bí òtútù bá mú kí wọ́n jẹ ìdajì, kílò 6 yóò ti jẹrà nísàlẹ̀ omi láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Àrọ̀ lè gòkè wá mí afẹ́fẹ́, lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè sá fún omi tí ó ti bàjẹ́. Nítorí náà, ẹ dín oúnjẹ kù, ẹ fún wọn nígbà tí oòrùn bá ti mú omi móoru, kí ẹ sì dáwọ́ dúró nígbà tí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn sí i.

Ẹ ṣa àwọn tí ó tóbi ju ẹgbẹ́ wọn lọ sọ́tọ̀, àwọn tí a ń pè ní ṣútà, nítorí wọn a máa gbé ẹgbẹ́ wọn mì.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè ra òṣùwọ̀n kan àti tẹmómítà kan fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí akọ̀wé sì máa kọ ohun tí a rí ní kòtò kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kan. Àwọ̀n nìkan ni kí olúkúlùkù ní tirẹ̀. Bí ẹ bá sì yá a, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a gbẹ nínú oòrùn kí ó tó wọ omi ẹlòmíràn.