Fìlà Ọmọ Tuntun Láti Ọwọ́ Ìyá Rẹ̀

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ, ọmọ tí a kò tíì bí ni a ti ń pèsè aṣọ sílẹ̀ dè. Kí oṣù tó pé, aboyún a ti máa ka iye ìlédìí, iye aṣọ òtútù àti iye fìlà tí ó wà nínú àpò tí yóò gbé lọ sí ilé ìgbẹ̀bí. Owó kékeré kọ́ ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ilé ń ná sí nǹkan wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣe ní ìrọ̀lẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ohun náà ni fìlà kíróṣéè.

Láti inú èdè Faransé ni orúkọ kíróṣéè ti wá, ìkọ́ kékeré ni ó sì túmọ̀ sí. Ìkọ́ kan ṣoṣo ni a fi ń ṣe é, kò dà bí súẹ́tà tí a ń fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì hun. Ẹ̀rọ ń hun súẹ́tà ní ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n títí di òní olónìí, ọwọ́ ènìyàn ni ó ń ṣe ojúlówó kíróṣéè. Nígbà tí ìyàn ńlá bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ireland ní ọdún 1845, tí àrùn ba pòtétò jẹ́ lóko, iṣẹ́ yìí wà lára ohun tí àwọn obìnrin ibẹ̀ fi bọ́ ilé wọn. Àwọn sístà ìjọ Kátólíìkì kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ń fi ìkọ́ ṣe léèsì tí àwọn olówó ń rà. Ẹ kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo iṣẹ́ náà.

OHUN TÍ Ẹ Ó WÁ

Ẹ ra òwú tí kò nípọn jù, tí kò sì tín-ín-rín jù, àti ìkọ́ 4 mm. Bí ìkọ́ náà bá jẹ́ ti àtijọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà 8 ni ẹ ó rí lára rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ní ti àwọn ìkọ́ àtijọ́ wọ̀nyí, bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré sí i ni ìkọ́ ń tóbi sí i. Òwú tí a fi kẹ́míkà ṣe ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn oníṣòwò ń pè ní wúùlù; ó rọrùn láti fọ̀, ṣùgbọ́n kì í fa òógùn mu, áyọ́ọ̀nù gbígbóná sì lè yọ́ ọ. Bí ẹ bá rí ojúlówó òwú tí ó rọ̀, èyí dára jù fún ilẹ̀ olóoru bíi tiwa.

OJÚ MẸ́TA TÍ Ẹ Ó MỌ̀

Ẹ kọ́kọ́ ta ojóbó, kí ẹ fi ìkọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ lọ́ òwú mọ́ ìkọ́, kí ẹ fà á la inú ojóbó náà kọjá: ojú ẹ̀wọ̀n kan nìyẹn.

Fún ojú kúkurú, ẹ ti ìkọ́ bọ inú ojú tí ó wà nílẹ̀, kí ẹ fa òwú yọ. Òwú méjì ni yóò wà lórí ìkọ́. Ẹ tún lọ́ òwú mọ́ ọn, kí ẹ fà á la méjèèjì kọjá.

Fún ojú gíga, ẹ lọ́ òwú mọ́ ìkọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó tì í bọ inú ojú. Bí ẹ bá fa òwú yọ, mẹ́ta ni yóò wà lórí ìkọ́. Ẹ lọ́ òwú, ẹ fà á la méjì kọjá. Ẹ tún lọ́ òwú, ẹ fà á la méjì tí ó kù kọjá.

Ìwé ìlànà ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà níhìn-ín. Ojú gíga yìí ni ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “treble”, tí ìwé Amẹ́ríkà sì ń pè ní “double crochet”. Ṣùgbọ́n bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì bá sọ pé “double crochet”, ojú kúkurú ni ó ń wí. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ inú ìwé kankan, ẹ wo ilẹ̀ tí a ti tẹ̀ ẹ́.

BÍ A TI Ń ṢE FÌLÀ NÁÀ

Ẹ ṣe ojú ẹ̀wọ̀n 4, kí ẹ so ìbẹ̀rẹ̀ pọ̀ mọ́ òpin kí ó di òrùka. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe ojú ẹ̀wọ̀n 3. Ẹ kà á sí ojú gíga kan. Bí ìlà bá parí, ẹ so ó pọ̀ mọ́ orí ẹ̀wọ̀n yìí.

Ìlà kìíní: ojú gíga 12 sínú òrùka.
Ìlà kejì: ojú gíga méjì sínú ojú kọ̀ọ̀kan, kí ó di 24.
Ìlà kẹta: ọ̀kan sínú ojú kan, méjì sínú èyí tí ó tẹ̀ lé e, títí yóò fi di 36.
Ìlà kẹrin: ọ̀kan, ọ̀kan, lẹ́yìn náà méjì, títí yóò fi di 48.

Ẹ tẹ́ ẹ sí orí tábìlì, kí ẹ wọn ìbú rẹ̀. Ó yẹ kí ó tó bíi 10 cm. Bí kò bá tó, ẹ tú u, kí ẹ fi ìkọ́ 4.5 mm ṣe é. Bí etí rẹ̀ bá ń ṣẹ́ po, ojú ti pọ̀ jù. Bí ó bá ń tẹ̀ kó bí igbá, ojú kò tó. Ẹ tún un kà.

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ má fi kún un mọ́. Ojú gíga kan sínú ojú kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó máa ṣe, títí fìlà yóò fi gùn tó 13 cm láti àárín orí rẹ̀ dé etí. Ẹ fi ìlà ojú kúkurú kan parí rẹ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ran ìdí òwú mọ́ inú iṣẹ́ náà dáadáa, nítorí òwú tí ó bá já sílẹ̀ lè wé mọ́ ìka ọwọ́ ọmọ.

ÌKÌLỌ̀ FÚN ABIYAMỌ

Ẹ má ṣe fi okùn ìsolọ́rùn sí i, ẹ má sì rán bọ́tìnnì tàbí ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn. Okùn lè fún ọmọ lọ́rùn. Bọ́tìnnì lè já bọ́ sí i lẹ́nu.

Ní ọjọ́ tí a bí ọmọ, fìlà wúlò púpọ̀, nítorí òtútù tètè ń gba orí mú ọmọ tuntun. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn ìyá ní ìmọ̀ràn láti dé fìlà fún un, kí wọ́n sì fi wíwẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ títí wákàtí 24 yóò fi kọjá. Bí ọyẹ́ bá mú ní òwúrọ̀, tí ẹ sì ń gbé e jáde, ẹ dé e fún un. Ṣùgbọ́n orí náà ni ọmọ fi ń tú ooru dànù. Ní ọdún 2022, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé, lẹ́yìn wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́, kí a má ṣe dé fìlà fún ọmọ nínú ilé, pàápàá nígbà tí ó bá ń sùn; àwọn ọmọ tí ó wà ní ìtọ́jú àkànṣe ní ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ooru àpọ̀jù léwu fún ọmọ tí ń sùn, fìlà tí ó bá sì yọ́ wálẹ̀ lè bo imú rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀. Màmá tí ó wá wẹ ọmọ lè ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ kí òtútù pa á ni?” Ìfẹ́ ni ó mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe bá a jiyàn, ẹ má sì já fìlà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ wò.” Bí òógùn bá wà níbẹ̀, ọwọ́ màmá fúnra rẹ̀ ni yóò bọ́ fìlà náà.

Bí fìlà àkọ́kọ́ bá wọ́, ẹ má ṣe banú jẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Òwú náà kò bàjẹ́. Ẹ tú u, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èkejì bá gún, ẹ fi pa mọ́ sínú àpò ìgbẹ̀bí yín, tàbí kí ẹ fi ta aládùúgbò yín tí oṣù rẹ̀ ti sún mọ́ lọ́rẹ, kí ẹ sì sọ fún un ìgbà tí yóò dé e fún ọmọ àti ìgbà tí yóò bọ́ ọ.