Àtúntà ilé olówó pọ́ọ́kú ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Àtúntà ilé olówó pọ́ọ́kú ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ̀nà tí ẹni tí ó ra ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀ fi ń tà á fún ẹlòmíràn ní ìlú méjèèjì yìí, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà, nítorí pé òun ni ọ́fíìsì ìjọba tí ó sún mọ́ wọn jù lọ. Kò fi gbogbo ara rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ilé wà ni a fi ń mọ ẹni tí yóò fọwọ́ sí títà rẹ̀.

Agbára lórí ilẹ̀

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, nígbà ìjọba ológun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ Gómìnà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún ará ìlú. Ilẹ̀ tí Gómìnà bá kéde nínú gàsẹ́ẹ̀tì pé ó jẹ́ ti ìlú wà lábẹ́ àbójútó rẹ̀. Èyí tí ó kù wà lábẹ́ àbójútó ìjọba ìbílẹ̀. Ìpín 21 òfin náà sọ pé ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á tàbí fi ṣe ìdógò láìsí ìfọwọ́sí ìjọba ìbílẹ̀, àfi bí ó bá jẹ́ pé àṣẹ ilé-ẹjọ́ ni a fi ń tà á. Ìpín 22 béèrè ìyọ̀ǹda Gómìnà fún títa ẹ̀tọ́ tí Gómìnà fi fúnni. Ìpín 26 sì sọ ohun tí a bá ṣe ní òdìkejì òfin náà di òfo.

Nípa bẹ́ẹ̀, ìgbèríko ni agbára ìjọba ìbílẹ̀ ti hàn jù lórí títa ilẹ̀. Láàárín ìlú, ohun tí Òfin-Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fi sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ lórí ilé ni fífi nọ́ńbà sára ilé, sísọ òpópónà lórúkọ, àti dídíye lé ilé fún owó-orí ilé. Ẹni tí ó bá san owó-orí yìí fún Àtìbà, Ìlà-Oòrùn Ọ̀yọ́ tàbí Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́ yóò gba rìsíìtì. Rìsíìtì náà kì í ṣe ìwé ilé, bí ó ti wù kí òǹtẹ̀ orí rẹ̀ tóbi tó, síbẹ̀ òun ni olùtajà mìíràn máa ń fà yọ nígbà tí a bá béèrè ẹ̀rí.

Bí ìyọ̀ǹda kò bá sí

Ẹjọ́ tí ó fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ ni ti Savannah Bank àti Ajilo, tí Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ní ọdún 1989. Ajilo fi dúkìá ṣe ìdógò fún báńkì láìsí ìyọ̀ǹda Gómìnà. Nígbà tí báńkì fẹ́ tà á, òun tí ó jẹ àǹfààní owó náà ni ó wá sọ pé ìdógò náà kò bófin mu, ilé-ẹjọ́ sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ìdájọ́ mìíràn ní ọdún 1995, lórí ẹjọ́ Awojugbagbe Light Industries àti Chinukwe, dẹ ọ̀rọ̀ náà díẹ̀: a lè kọ́kọ́ fọwọ́ sí àdéhùn kí a tó gba ìyọ̀ǹda, ṣùgbọ́n títà náà kò tíì parí títí ìyọ̀ǹda yóò fi jáde. Ẹni tí ó san gbogbo owó rẹ̀ ṣáájú àkókò yìí ti fi ara wewu.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yáwó Àpò Owó Ilé ti Orílẹ̀-Èdè, tí òfin ọdún 1992 dá sílẹ̀, ni a fi ra ilé, ilé náà jẹ́ ìdógò títí gbèsè yóò fi tán. Olùrà gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rí pé a ti san gbèsè náà.

Iye owó

Òfin Ìlò Ilẹ̀ kò sọ iye tí a lè tún ilé tà. Ilé tí ìjọba fi ẹ̀dínwó fúnni lè tipa bẹ́ẹ̀ bọ́ sí ọjà gbogbogbò, kí ẹni tí a torí rẹ̀ kọ́ ọ má lè rà á mọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òfin ọdún 1980 ti jẹ́ kí ayálégbé ìjọba ìbílẹ̀ lè ra ilé rẹ̀ ní ẹ̀dínwó, ẹni tí ó bá tà á láàárín ọdún 5 lè ní láti dá ẹ̀dínwó náà padà, ní odidi tàbí ní apá kan. Láàárín ọdún 10, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi lọ ìjọba ìbílẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó ra irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Peckham mọ òfin yìí dáadáa.

Ilé tí ó di ogún

Bí ẹni tí ó ra ilé bá kú láìṣe ìwé ìhágún, tí àṣà Yorùbá sì jẹ́ ìlànà ogún rẹ̀, ilé náà di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ lápapọ̀. Bí àwọn ọmọ kan bá tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá dá nìkan tà á gẹ́gẹ́ bí ohun ìní ẹbí, àwọn yòókù lè lọ sí ilé-ẹjọ́ láti yí i padà. Ìyọ̀ǹda Gómìnà kò dípò ìfohùnṣọ̀kan yìí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń ṣòwò káàkiri Àríwá Nàìjíríà, Gánà àti Côte d'Ivoire láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tí ó yẹ kí ó fọwọ́ sí ìwé lè wà ní Kánò tàbí Àbíjàn nígbà tí olùrà ti ń ka owó.