Òrùka inú ikùn: báwo ni ẹni tó gbé e ṣe gbọ́dọ̀ máa jẹun nílé wa?

Ọ̀rọ̀ ìlera la gbé wá lónìí. Ọmọ ẹni lè wà ní Faransé, kó sanra débi tí dókítà á fi ní kó ṣe iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n fi òrùka sí i nínú ikùn. Òrùka yìí ni àwọn Faransé ń pè ní anneau gastrique. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wálé fún ọdún tàbí fún òkú àgbà, tí ẹ gbé iyán síwájú rẹ̀, tó jẹ díẹ̀ péré tó ní òun ti yó, ẹ má sọ pé ó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú oúnjẹ ilé. Ẹ má sì fi agbára mú un pé kó jẹ sí i. Òkèlè kan tí ẹ fi ìfẹ́ rọ̀ ọ́ pé kó gbé mì yẹn lè há a.

Kí ni òrùka náà?

Rọ́bà silikónì tó rọ̀ ni. Dókítà á fi yí apá òkè àpòlúkù ká, bí ìgbà tí èèyàn fi okùn so ọrùn àpò àgbàdo, àmọ́ tí kò so ó pa. Àpòlúkù á wá dà bí méjì: àpò kékeré kan lókè, àpò ńlá nísàlẹ̀, ihò tóóró sì wà láàrin wọn. Àpò kékeré òkè yẹn kì í gbà ju nǹkan bíi mílílítà 15 sí 30 lọ, ìyẹn ṣíbí ìjẹun kan sí méjì. Oúnjẹ á kọ́kọ́ dé ibẹ̀, á wá máa rọra gba inú òrùka lọ sísàlẹ̀. Ara á tètè mọ̀ pé òun ti yó.

Wọn ò gé nǹkan kan kúrò nínú ikùn, wọ́n sì lè yọ òrùka náà tó bá yá. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ó mọ́ ohun kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ awọ. Ibẹ̀ ni dókítà ń gún lábẹ́rẹ́. Tó bá fi omi kún un, òrùka á fún sí i. Tó bá fa omi jáde, òrùka á dẹ̀.

Ọmọ Áfíríkà wà nínú ìtàn iṣẹ́ yìí. Dókítà Mitiku Belachew, tí wọ́n bí ní Ethiopia, tó da ẹran nígbà èwe rẹ̀, ló kọ́kọ́ fi irú òrùka yìí sí ikùn èèyàn láìla ikùn gbooro, ní ìlú Huy ní Bẹ́ljíọ̀mù, lọ́dún 1993. Àwọn ihò kéékèèké ló gbà ṣe é. Ní Faransé, òrùka yìí ló wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ abẹ ìsanra níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. Lónìí, àwọn dókítà ibẹ̀ ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní sleeve jù, níbi tí wọ́n ti ń gé apá ńlá àpòlúkù kúrò. Àmọ́ àwọn tó ṣì gbé òrùka wà.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó sanra ni wọ́n ń ṣe é fún. Wọ́n máa ń wo IMC: wọ́n á fi gíga èèyàn ní mítà pín ìwúwo rẹ̀ ní kílò, wọ́n á tún fi gíga yẹn pín in lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbọ́dọ̀ tó 40, tàbí kó tó 35 tí àìsàn bí ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà níbẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, obìnrin tó ga ní mítà 1,60, tó wọn kílò 103, ti kọjá 40 díẹ̀.

Òkèlè ni ìṣòro wà

Nílẹ̀ wa, a kì í jẹ òkèlè lẹ́nu. A ó bù ú, a ó fi kan ọbẹ̀, a ó gbé e mì. Ẹni tó bá ń jẹ iyán lẹ́nu, àwọn èèyàn á fi rẹ́rìn-ín. Àmọ́ òrùka ò mọ àṣà. Òkèlè tó bá tóbi ju ihò rẹ̀ lọ á dúró sókè, á sì dí ọ̀nà. Iyán àti ọkà máa ń lẹ̀ mọ́ra. Gàrí tún ní tiẹ̀: ó kéré nígbà tí a ń gbé e mì, ó wá ń wú nínú omi.

Nítorí náà, ohun tí ẹni tó gbé òrùka ní láti tún kọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ ni jíjẹ oúnjẹ lẹ́nu. Ẹnu gbọ́dọ̀ di ọlọ. Kó bu èyí tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, kó jẹ ẹ́ lẹ́nu bí ìgbà 20 kó tó gbé e mì, kó dúró díẹ̀ kó tó bu òmíràn. Oúnjẹ kan gbọ́dọ̀ gbà á tó ìṣẹ́jú 20 sí 30. Kó má jẹun lórí ìrìn, kó má jẹun níbi tó ti ń bá ẹlòmíràn jiyàn.

Oṣù àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì, nǹkan mímu nìkan ni: omi, omi ẹja tí a sẹ́, ẹ̀kọ mímu tó ṣàn tí kò ní ṣúgà, mílíìkì. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa mu ún, kò gbọ́dọ̀ dà á sọ́nà ọ̀fun. Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin, ohun tí a lọ̀ tàbí tí a tẹ̀ kúnná ni: ẹ̀wà tí a tẹ̀, ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí a pò mọ́ omi ọbẹ̀, ẹja tí a yọ egungun rẹ̀ tán, ẹyin rírọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, oúnjẹ tó rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, títí dé oúnjẹ gidi ní bí ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní ètò tirẹ̀. Èyí tí dókítà rẹ̀ bá kọ fún un ni kó tẹ̀ lé.

Báwo ni oúnjẹ rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó?

Tí ara bá ti bọ̀ sípò, oúnjẹ kan kì í ju ààbọ̀ ife sí ife kan lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ife tí a fi ń mu kọfí là ń sọ, kì í ṣe ike ńlá. Ẹ fún un ní àwo kékeré tirẹ̀. Tó bá ń bá àwọn mìíràn jẹ nínú àwo kan náà, á máa sáré kí ọbẹ̀ má baà tán, kò sì ní mọ iye tó ti jẹ.

Níwọ̀n bí àyè ti kéré, ohun tó ń mú ara le ni kó kọ́kọ́ wọlé: ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, wàgáṣì, wàràkàsì sójà. Dókítà máa ń fẹ́ kó rí tó gíráàmù 60 ohun tí àwọn Faransé ń pè ní protéines lójúmọ́. Ẹyin kan ní bíi gíráàmù 6, nítorí náà ẹyin nìkan ò lè ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀fọ́ tó jinná dáadáa. Ọkà tàbí iyán ló máa gbẹ̀yìn, kó sì kéré gan-an.

Àwọn ohun tó máa ń há jù ni ẹran líle, awọ màlúù, búrẹ́dì tuntun tó rọ̀, àgbàdo sísun, okùn inú ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àti awọ fẹ́lẹ́ tó bo ẹran ọsàn. Ọbẹ̀ ilá dára, àmọ́ kó ṣọ́ra fún un, torí yíyọ̀ rẹ̀ máa ń mú kí èèyàn gbàgbé láti jẹ ohun tó wà lẹ́nu.

Omi ńkọ́? Kó má mu omi pẹ̀lú oúnjẹ. Kó dúró tó ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn oúnjẹ. Omi máa ń ti oúnjẹ kọjá nínú òrùka, ebi á sì tún tètè dé. Tí nǹkan bá sì ti há, omi kò ní tì í, ṣe ni yóò fi ìrora kún ìrora. Láàrin oúnjẹ sí oúnjẹ, kó máa mu omi dáadáa, torí oòrùn ilẹ̀ wa kì í ṣe ti Faransé.

Ara fúnra rẹ̀ máa ń kìlọ̀. Tí àyà bá fún un, tí òsúkè bá dé, tí imú bá ṣàdédé ń ṣomi, tí itọ́ bá kún ẹnu, ó ti tó. Kó fi ṣíbí sílẹ̀. Kò sí pé “ó ku díẹ̀ kó tán.”

Ohun tí òrùka ò lè dá dúró

Ohun líle ni òrùka ń dá dúró. Ohun tó ń ṣàn kì í rí i. Ẹ̀kọ mímu oníṣúgà, dẹ̀gẹ̀, bíà, sọ́dàbì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ń kọjá bí omi odò, ìsanra á sì padà wá. Àwọn tó ń ru fọ́ọ̀mù tún máa ń fẹ́ àpò kékeré yẹn, kó máa dunni. Ẹni tó bá rí i pé ẹran ń há òun, tó wá sá sídìí dẹ̀gẹ̀ àti bisikíìtì láàárọ̀ àti lálẹ́, ó gbé òrùka lásán ni.

Ẹ̀yin ará ilé, iṣẹ́ yín nìyí

Ẹ jẹ́ kó jẹun díẹ̀ láìsí àlàyé níwájú àwọn àlejò. Ẹ lè bù ú kékeré, kí ẹ sì gbé èyí tó kù pa mọ́ fún un. Tó bá fẹ́ gbààwẹ̀ Ramadan, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú, torí ìṣínu pẹ̀lú ebi àti òùngbẹ ni ìgbà tí èèyàn máa ń sáré jẹ jù. Ẹ má ra ibuprofène tàbí diclofénac ẹ̀bá ọ̀nà fún un nígbà tí ara bá ń ro ó: wọ́n lè dá egbò sí i nínú ikùn. Obìnrin tó bá lóyún gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà rẹ̀ kíákíá, torí ó lè jẹ́ pé wọ́n máa dẹ òrùka náà. Oògùn fítámì tí wọ́n kọ fún un, kó má já a.

Ìgbà wo ló di kíákíá?

Tó bá ń bì láìdáwọ́ dúró, tí omi tàbí itọ́ pàápàá kò lè lọ sísàlẹ̀, tí ikùn tàbí àyà ń dùn ún gan-an, tí ibà bá dé, tí ojú ibi tí wọ́n tẹ nǹkan sí lábẹ́ awọ bá pọ́n tó sì wú, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú bí ọ̀dà, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ má sọ pé májèlé ni, ẹ má fún un lágbo. Òrùka ti lè yẹ̀ lójú àyè, tàbí kó máa jẹ ikùn wọlé. Èébì tó bá pẹ́ lè jẹ́ kí fítámì B1 tán lára, èyí sì lè ba ọpọlọ àti iṣan jẹ́.

Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún nọ́ọ̀sì sì jẹ́: “Ó ní anneau gastrique nínú ikùn.” Tí ẹ ò bá sọ ọ́, wọ́n lè máa tọ́jú ibà lásán. Tó bá gba kí wọ́n gbé e lọ sí hôpital de zone ní Pobè, tàbí sí CNHU ní Kútọnu, ẹ rántí pé láti Kétu dé Kútọnu ju 100 kìlómítà lọ. Wákàtí tí ẹ bá fi ṣiyèméjì, ọ̀nà á tún gba tirẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹni tó ń bọ̀ wálé gba ìwé lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ kó tó wọkọ̀ òfuurufú: irú òrùka tó jẹ́, ọjọ́ tí wọ́n fi sí i, iye omi tó wà nínú rẹ̀, àti nọ́ńbà tẹlifóònù ilé ìwòsàn náà. Kó fi ìwé yẹn han ẹnì kan nílé. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a bá fagbára mú níí le koko. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni oúnjẹ ẹni tó gbé òrùka rí.